Ooru Yàrá Kan

Ọyẹ́ ti wọ Iléṣà láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun,
kò kan ilẹ̀kùn, kò kí wa pé ẹ kúulé.
Ó gba àárín gíláàsì fèrèsé kọjá,
ó ń ya ètè ọmọ mi bí ẹni ń ya ìwé.
Ìbíyẹmí, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án,
tí òtútù máa ń wá eegun rẹ̀ wá bí agbowó-òde
tí kì í gba "ẹ padà wá lọ́la".

Ní Wẹ́sílì, nọ́ọ̀sì tó gba káàdì wa wò mí títí:
"Omi. Oògùn. Ooru.
Ẹ má jẹ́ kó tutù."
Mo ní mo gbọ́.
Ṣùgbọ́n ilé oògùn wo ló ń ta ooru?

Ìyá ọkọ mi ní kí n gbé ìkòkò eèdú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì,
bí wọ́n ti ń ṣe é nígbà tiwọn.
Mo ní, Ìyá, ewé ni òrùlé yín nígbà náà,
ó ń mí.
Sìmẹ́ńtì ló yí tiwa ká.
Ohun tó ń pani nínú eèdú kì í ní òórùn,
oorun ló máa ń jọ.
Wọ́n dákẹ́. Wọ́n gbé ìkòkò wọn padà sí ìdáná.

Mo gba ọjà Àtàkúnmọ̀sà lọ.
Músẹ́dìkù, tó ń ta ẹrù tòkunbọ̀, to mẹ́ta síwájú mi:
ọ̀kan pọ́n lójú bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jà tán,
ọ̀kan ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná, ó ń pariwo,
ẹ̀kẹta dúdú, ìhà rẹ̀ yọ síta bí ti ajá ọdẹ,
epo ló wà nínú rẹ̀, kò sọ nǹkan kan.
"Ẹ gbé pupa! Ẹgbẹ̀rún méjì wátì!
Ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ ó bọ́ ẹ̀wù."
Mo ní, mítà wa ńkọ́?
Ó rẹ́rìn-ín, ó ń nu ekuru.

Ẹ̀yìnkùlé ni mítà wa wà,
ojú pupa kan ṣoṣo ló ní.
Bí mo bá ki áyọ́ọ̀nù bọ iná,
ojú náà á máa ṣẹ́ wéré-wéré bí ẹni tí wọ́n bú.

Arówóṣafẹ́, tó fa wáyà ilé wa, ló là mí lóye,
ó jókòó lórí gálọ́ọ̀nù, ó ń bó ẹ̀pà:
"Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi àwọ̀ tàn yín.
Ì báà pọ́n, ì báà dúdú,
iye iná tó bá mu náà ni yóò pọ̀ ní ooru.
Ẹ̀rọ kọ́ ló ń fi owó yín ṣòfò,
ilẹ̀kùn yín ni.
Ta ní í pọn omi sínú ajẹ̀rẹ̀?"

Mo délé lọ́wọ́ òfo.
Mo dùbúlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo na ọwọ́ sábẹ́ ilẹ̀kùn:
ọyẹ́ ń rọ́ wọlé bí ọmọ iléèwé tí wọ́n lu aago fún.
Ìró tí mo fi pọn Ìbíyẹmí, ó ti gbó,
mo rán an bí àpò tẹ́ẹ́rẹ́,
mo ki èérún pákó tí káfíńtà Ìsọ̀kùn fún mi sínú rẹ̀,
mo tẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn.
Ibi tí gíláàsì ti fọ́, mo fi ọ̀rá dí i.
Mo dá àlàfo kan sí lókè,
ọmọ ní láti mí.

Ìgbà náà ni mo tó padà lọ gbé aláìsọ̀rọ̀,
èyí kékeré, ẹgbẹ̀rin wátì.
Músẹ́dìkù ní mo ya ahun.
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Aago mẹ́jọ, mo tàn án.
Aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀, wọ́n mú iná lọ, ilẹ̀ ṣú biribiri.
Mo na ọwọ́ sí ìhà rẹ̀, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.
Ìbíyẹmí yí padà lójú oorun:
"Màámi, ó dà bí ẹ̀yìn yín."

Aago márùn-ún, iná dé.
Mo wọ súwẹ́tà, mo jáde lọ wo mítà.